Ẹrù Àgbà Nínú Bọ́ọ̀sì Pápákọ̀

Mo ní láti kọ́kọ́ ya ohun tí mo mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí mo kàn rò, nítorí ìbínú máa ń jẹ́ kí ènìyàn da méjèèjì pọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bọ́ọ̀sì kan wà tí ó máa ń gbéra láti pápákọ̀ òfurufú Dublin, tí owó rẹ̀ kéré sí ti gbogbo bọ́ọ̀sì yòókù, tí ó sì ń gba àwọn àdúgbò etí ìlú kọjá títí dé ibi tí ilé ti ń tán lọ tí pápá màlúù ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀sì yìí ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, òun náà ni mò ń wọ̀ bọ̀ wálé, fún ohun tó lé ní ọdún kan kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Mo mọ̀ pé n kò jí nǹkan kan. Ohun tí mo rò ni pé wọn kì bá tí pè mí ní olè ká ní àwọ̀ mi yàtọ̀. N kò lè fi ẹ̀rí ìyẹn hàn, nítorí náà n kò ní kọ ọ́ bí ẹni pé mo lè fi hàn. Ṣùgbọ́n mo rò ó, mo sì ń rò ó títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọjọ́ tí mo dé gan-an ni mo kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì náà. Mo wọlé, mo kí gbogbo àwọn tó jókòó, bí ènìyàn ṣe máa ń kí èrò inú mọ́tò tó bá wọ̀ ọ́ ní Fájuyì, ní Adó-Èkìtì nílé, tó ń lọ sí Ìyìn. Kò sí ẹni tó dáhùn. Obìnrin kan gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé e lé itan. Mo rò pé àyè ló ń fi sílẹ̀ fún mi, mo bá jókòó tì í. Ó dìde, ó lọ jókòó níwájú. Mo gbé e yẹ̀ wò: bóyá ó fẹ́ sún mọ́ ilẹ̀kùn ni. Ó ṣeé ṣe. Inú mi kò kàn gbà bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Àwọn ènìyàn tí wọn kò wojú ara wọn láti pápákọ̀, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn bá dé ẹnu ọ̀nà, á yíjú sí awakọ̀, á ní, "O ṣé o." Ọmọdé ń sọ ọ́, arúgbó ń sọ ọ́, ọmọ ilé ìwé tí fóònù dí létí méjèèjì ń sọ ọ́. Nílé, a máa ń kí ara wa bá a bá ń wọ ọkọ̀, tó bá sì di àtisọ̀kalẹ̀ a lè bá awakọ̀ jà nítorí ṣéńjì. Níbí, wọ́n á wọlé bí odi, wọ́n á wá sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo kọ́ ọ kíákíá. Awakọ̀ tó máa ń wà lọ́sàn-án jẹ́ ọkùnrin sísanra kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ pupa, tí ewú ti ń yọ nínú rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń dá mi lóhùn pé, "Ọmọ dáadáa." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dá gbogbo ènìyàn lóhùn, mo mọ̀. Síbẹ̀, ọjọ́ mìíràn wà tí kò sí ẹlòmíràn tó bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ju òun lọ.

Iṣẹ́ mi ni láti gbé ẹrù. Nínú yunifásítì tó wà ní Adó ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò, mo tún wá gba oyè mìíràn kún un níbí, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ pápákọ̀ ni mo ti rí iṣẹ́, níbi tí báàgì ti ń tú jáde lórí bẹ́líìtì, tí àwa sì ń tò wọ́n sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù tó ń lọ sídìí bàálù. Báàgì ọlọ́rọ̀, báàgì akẹ́kọ̀ọ́, kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́, nígbà mìíràn àpótí òkú. N kò rí àwọn tó ni wọ́n rí, àwọn náà kò sì rí mi. Kò sí ẹni tó kígbe rí nítorí pé mo fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀. Káàdì kan ló ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ibẹ̀ fún wa. Bí káàdì náà bá wà lọ́rùn ènìyàn, iṣẹ́ wà. Bí kò bá sí, iṣẹ́ kò sí, àṣẹ tí mo fi ń gbé ní ìlú yìí kò sì ní pẹ́ tẹ̀lé e lọ, nítorí orí iṣẹ́ ni wọ́n gbé e lé.

Mo ní láti sọ ibi tí mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ẹrù lọ́wọ́ àgbà, nítorí kò sí ẹni tó bi mí níbí.

Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni màmá mi kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yìn àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó ni ilé wa wà. Mo kéré gan-an lọ́jọ́ tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ ń ti Ọjà Ọba bọ̀, tí ìyá kan ń lọ níwájú wa pẹ̀lú iṣu tí wọ́n dì lórí. Màmá kàn wò mí. Mo sáré bá ìyá náà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kí n bá yín gbé e?" Ìyá náà ní kò wúwo, kí Olúwa bù kún mi. Mo padà sọ́dọ̀ màmá mi.

"O bi wọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wọ́n ní kò wúwo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Àgbà wo ló máa wo ojú ọmọ kékeré, tó máa ní ẹrù òun wúwo? Bó o bá bi àgbà, o fẹ́ kó kọ̀ ni."

Mo tún sáré lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè sí ẹrù náà kí n tó la ẹnu. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó tẹrí ba, ó sọ iṣu náà kalẹ̀ fún mi. Ó wúwo débi pé ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú àyà. Láti ọjọ́ náà, n kò bi àgbà kankan ní ìbéèrè yẹn mọ́. Ọwọ́ ni yóò kọ́kọ́ dé ìdí ẹrù. Ọ̀rọ̀ a máa tẹ̀lé e.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ni obìnrin náà wọ bọ́ọ̀sì ní pápákọ̀. Irun rẹ̀ funfun, ó wọ kóòtù àwọ̀ ewé, ó sì ń fa báàgì onítáyà kan tó tóbi. Ó jókòó níwájú. Bí a ṣe ń sún mọ́ ibùdókọ̀ tí mo ti máa ń sọ̀kalẹ̀, òun náà dìde kí ọkọ̀ tó dúró, ó fi ọwọ́ kan di irin mú, ó fi ìkejì fa báàgì, apá rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì náà ga sí ilẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Ọkọ̀ dúró, ilẹ̀kùn ṣí, ọwọ́ mi sì ti wà lórí báàgì náà. Mo gbé e, mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo sọ̀kalẹ̀ láti gbé e sórí ilẹ̀ tó gbẹ lábẹ́ òrùlé ibùdókọ̀, kí n lè padà wá na ọwọ́ sí òun náà.

Ó kígbe. "Báàgì mi."

Mo ti fi ojú inú ya àwòrán ìṣẹ̀lẹ̀ náà láti ojú àwọn tó wà nínú ọkọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi fìlà jákẹ́ẹ̀tì bo orí nítorí òjò gba báàgì lọ́wọ́ arúgbó, ó sì bọ́ sílẹ̀ kíákíá. Mo gbà pé àwòrán náà kò dára. Ṣùgbọ́n mo ti gbé báàgì náà sílẹ̀, mo sì ti yíjú padà sí ọkọ̀, ọwọ́ mi méjèèjì ṣófo, kí awakọ̀ onírùngbọ̀n pupa tó fò jáde tó fa ọrùn aṣọ mi. Olè kì í dúró de ẹni tó jà lólè. Èyí náà wà nínú àwòrán, kò sì sí ẹni tó wò ó.

"Olè," ni ó wí. "Dúró síbẹ̀."

"Mò ń bá wọn gbé e ni."

"Ta ló ní kó o bá wọn gbé e?"

N kò ní ìdáhùn tó kúrú sí ìbéèrè yẹn. Àwọn èrò ti gbé fóònù sókè lójú fèrèsé. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọ ilé ìwé tí mo máa ń rí lójoojúmọ́. Awakọ̀ pe ọlọ́pàá. Wọ́n dé, wọ́n wo báàgì, wọ́n rí i pé kò sí ẹni tó ṣí i. Wọ́n bi obìnrin náà ní ọ̀rọ̀. Ó ní òun kàn fẹ́ lọ sílé. Wọ́n gba orúkọ mi àti orúkọ ibi iṣẹ́ mi lójú awakọ̀, wọ́n ní kí n máa lọ. Awakọ̀ nìkan ni kò tíì tán. Ó ní, "Má jẹ̀ẹ́ kí n tún rí ẹ nínú ọkọ̀ mi." Gbogbo àwọn tó kù tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ ló dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó lọ.

Ilé tí mò ń gbé, èmi pẹ̀lú Bọ̀dá Dárè ni. Ìyìn ni Bọ̀dá Dárè ti wá, ó ti pẹ́ ní ìlú yìí, ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ló ń ṣọ́. Adájọ́ ló máa ń pè mí, nítorí ó ní n kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láì kọ́kọ́ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ń ro iyán oníyẹ̀fun lọ́wọ́. Kì í pè é ní iyán. Ó máa ń ní, "Ó tì o, ọmọ Èkìtì ò lè fẹnu ara ẹ̀ pe nǹkan tó wà ńlẹ̀ yìí ní iyán."

"Adájọ́," ó ní, "kí lo wá lọ ṣe nídìí báàgì òyìnbó?"

"Àgbà ni."

"Àgbà ta ni? Ṣé ìyá ìyá ẹ ni? Níbí, bí àgbà bá ṣubú, fóònù lo máa fi gbé e, wàá pe ọkọ̀ aláìsàn. O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa ń ṣe tẹ́ ẹ bá rí wọn pẹ̀lú ẹrù?"

"Èmi? Mo máa ń sọdá sí òdìkejì títì." Ó bu ọbẹ̀ fún mi. "Jókòó jẹun. Ìbínú ò lè sọ nǹkan yìí di iyán."

Ó pa mí lẹ́rìn-ín, n kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń jẹun ni mo rí i pé ohun tó sọ ń dùn mí ju ọwọ́ awakọ̀ tó wà lọ́rùn aṣọ mi lọ. Awakọ̀ kò mọ̀ mí. Bọ̀dá Dárè mọ ibi tí wọ́n ti tọ́ wa, ó sì ti jókòó ṣírò rẹ̀, ó rí i pé títì ni kí òun sọdá. N kò sì rí ibi tí ìṣirò rẹ̀ ti ṣì.

Kò pẹ́ sí i ni wọ́n gba káàdì mi. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ tètè tán. Ó ní ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ti fi ẹjọ́ sùn, àti pé ẹni tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ olè kàn kò lè wà nídìí báàgì àwọn èrò títí wọn yóò fi yanjú rẹ̀.

"Ó rọrùn," ó ní. "Wọ́n ní tó o bá gbà pé o ṣàṣìṣe, tó o sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ obìnrin náà, àwọn máa pa á tì."

"Kí ni kí n gbà pé mo ṣe?"

"Pé o mú báàgì ẹ̀."

"Mo mú un. Mi ò jí i."

"Kò sẹ́ni tó ní o jí i."

"Kí ló dé tí káàdì mi fi wà lọ́wọ́ yín?"

Ó wo ojú fèrèsé. Ó ní kí n lọ rò ó dáadáa, pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, kò ní pẹ́ lẹ́nu.

Mo lọ rò ó. Mo rò ó bí mo ṣe máa ń ro gbogbo nǹkan, títí n kò fi lè sùn. Bí mo bá tọrọ àforíjì, káàdì mi yóò padà, ṣùgbọ́n orúkọ mi yóò wà níbì kan gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ gbà. Bí n kò bá tọrọ rẹ̀, n óò jókòó sílé títí àṣẹ mi yóò fi tán, n óò sì padà sí Adó láti lọ ṣàlàyé fún gbogbo àdúgbò pé ìwà ọmọlúàbí ló lé mi bọ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni mo pe màmá mi. Mo sọ ti bọ́ọ̀sì fún un. N kò sọ ti káàdì. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó wá ní, "Bẹ̀ ẹ́."

"Màmá, mi ò jẹ̀bi."

"Ta ló bi ẹ́ bóyá o jẹ̀bi? Àgbà ló ń bínú. Dọ̀bálẹ̀ fún un."

"Wọn kì í dọ̀bálẹ̀ níbí."

"Fẹnu dọ̀bálẹ̀ nígbà yẹn."

"Màmá, nílé, téèyàn bá bẹ àgbà, kò túmọ̀ sí pé ó jẹ̀bi. Ẹ mọ̀, gbogbo èèyàn mọ̀. Níbí, tí mo bá ti bẹ̀ ẹ́, mo ti gbà pé olè ni mí nìyẹn."

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo rò pé mo ti borí, bẹ́ẹ̀ sì ni n kò fẹ́ borí rẹ̀. Nígbà tí inú màmá mi bá bàjẹ́, èdè olùkọ́ á kúrò lẹ́nu rẹ̀, èdè ilé á jáde. Ó ní, "Uṣẹ́ rẹ ńkọ́?"

Mo ní iṣẹ́ wà. Ó ṣì ń mí hẹlẹ. Mo bi í kí ló ń ṣe é.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọjà Ọba dé ni. Mo ra iṣu àti èlùbọ́ díẹ̀."

"Ta ló bá yín gbé e?"

"Èmi náà mà ni. Mo gbé e dé ibi tí mo ti wọ takisí, takisí já mi sílẹ̀ ní títì, mo gbé e wọlé."

"Kò sọ́mọ kankan lójú ọ̀nà?"

"Wọ́n wà. Wọ́n ń wo fóònù." Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀kan tiẹ̀ ṣe dáadáa, ó bi mí. Ó ní, 'Màmá, ṣé kí n bá yín gbé e?' Mo ní kò wúwo."

Mo sọ fún un pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, mo pa fóònù náà. Ọjọ́ Sátidé kan, títì kan, ọmọ mélòó kan: ìyẹn kò tó ẹ̀rí pé ìlú kan ti yí padà, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní pàápàá kò ní fi irú rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Bẹ́ẹ̀ ni mo wí fún ara mi. Lẹ́yìn náà ni mo rò pé ẹni tí kì bá tí bi í wà níbí, ó jókòó sínú yàrá kan ní etí ìlú Dublin láìní káàdì lọ́rùn, nítorí báàgì obìnrin mìíràn. N kò tíì bínú tó bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì mọ ẹni tí mo lè bínú sí. Ó jọ pé ìbínú náà ń wá ojú kan tí yóò gbà á. Kò rí.

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo tún pàdé obìnrin náà. Mo ti ṣọ́ọ̀bù bọ̀ lọ́sàn-án, ó dúró sí ibùdókọ̀, báàgì onítáyà kékeré tí wọ́n fi ń ra oúnjẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kọjá. Mo tilẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ láti sọdá sí òdìkejì títì. Òun ló pè mí.

"Ìwọ ni, àbí?"

"Èmi ni."

"Mi ò pè ẹ́ ní olè."

Mo gbé e wò. Òtítọ́ ni. Báàgì rẹ̀ ló dárúkọ, kò dárúkọ mi. "Ta ló wá pè mí bẹ́ẹ̀?"

"Awakọ̀ ni. Ó ti sọ ọ́ kí n tó la ẹnu. Mo sọ fún ọlọ́pàá pé ẹ̀rù bà mí. Èmi nìkan ni mò ń gbé. Wọ́n bi mí bóyá o fẹ́ jí i, mo ní mi ò mọ̀."

"Ẹ ní ẹ ò mọ̀."

"Mi ò mọ̀ nígbà yẹn."

"Ní báyìí ńkọ́?"

Ó wò mí dáadáa, bí ẹni tó ń wo nǹkan tó fẹ́ rà. "O yẹ kó o ti bi mí," ó ní.

Mo sọ fún un. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, ohùn mi sì lọ sókè ju bó ṣe yẹ kí n gbé e sókè sí àgbà. Mo ní ní ìlú wa, bí ènìyàn bá bi àgbà bóyá kí òun bá a gbé ẹrù, ńṣe ló ń fún un láyè láti kọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e kì í bi í.

Ó ronú sí i. N kò retí ìyẹn. "Ṣùgbọ́n àyè láti kọ̀," ó ní, "òun gan-an ni mo fẹ́. Ọmọ mi ń gbé ní òkè òkun. Ohun tó kù tí mò ń ṣe fún ara mi ò pọ̀ mọ́."

Mo ṣì ń wá ìdáhùn sí ìyẹn títí di òní. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sígboro dé, ilẹ̀kùn ṣí. Ó di báàgì rẹ̀ mú, ó wo àtẹ̀gùn, ó wò mí.

Mo bi í. "Ṣé kí n bá yín gbé e?"

"Rárá o," ó ní. "O ṣé."

Ó gbé e fúnra rẹ̀. Báàgì náà ń gbá àtẹ̀gùn bó ṣe ń gòkè, èmi sì dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mi nínú àpò, mo ń wo àgbà tó ń gbé ẹrù. Mo ti ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́. Ojú tì mí bí ẹni pé màmá mi wà lẹ́yìn mi.

Ó jọ pé obìnrin náà pe ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì lẹ́yìn náà, nítorí ọ̀gá mi pè mí pé kí n wá gba káàdì mi. Ó ní obìnrin náà ti sọ pé òun kò ní ẹjọ́ kankan. Ó na káàdì náà sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé o rí i? Mo sọ fún ẹ pé ó rọrùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo."

"Mi ò sọ ọ́," ni mo wí.

"Kí lo ò sọ?"

"Mi ò tọrọ àforíjì. Kò sì sẹ́ni tó tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ mi."

Ó ní kí n tètè lọ, pé bàálù kan ti dé.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Onírùngbọ̀n pupa ló wà nídìí ọkọ̀. Mo ti múra ohun tí n óò sọ bó bá ní kí n má wọ̀ ọ́. Mo ti tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gba owó mi, ó ní kí n wọlé. Mo wo ojú rẹ̀, kò sí nǹkan níbẹ̀. Kò dá mi mọ̀. Ó ti fa ọrùn aṣọ mi, ó ti fi ẹ̀sùn olè kàn mí, wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lórí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, kò sì tọ́jú ojú mi pa mọ́ dé oṣù kan.

Nígbà tí mo dé ibùdókọ̀ mi, ọ̀dọ́bìnrin tó wà níwájú mi ní, "O ṣé o." Ó dá a lóhùn. Ọmọ ilé ìwé náà ní, "O ṣé." Ó dá a lóhùn. Mo kọjá níwájú rẹ̀, mo sọ̀kalẹ̀ láì yíjú.

Ní Adó, bí mo bá kọjá lára ènìyàn ní Adébáyọ̀ láì kí i, gbogbo títì ló máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà láàrin wa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnì kan á ti wá bá màmá mi láti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Níbí, n kò mọ̀ bóyá ó já mọ́ nǹkan kan. Mo ṣe é lọ́jọ́ kejì. Mo ń ṣe é lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ wọ ọ̀sẹ̀. Bọ̀dá Dárè ní mo ń fi ọwọ́ gbá ògiri, pé ọkùnrin náà kò mọ̀ pé mò ń bá òun jà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo kọ̀ láti dúpẹ́.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan. Èrò pọ̀, gbogbo wọn dúpẹ́, èmi ni mo gbẹ̀yìn. Mo ti fi ẹsẹ̀ kan kan ilẹ̀ nígbà tó ní, "Ọ̀rẹ́."

Mo dúró.

"O kì í sọ̀rọ̀," ó ní. Kò bínú. Ó dà bí ẹni tó ti ń rò ó láti ọjọ́ mélòó kan. "Gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́, ìwọ nìkan ni o kì í sọ ọ́. Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?"

Mo yíjú sí i. Òjò díẹ̀ ń sẹ̀, mo fa fìlà jákẹ́ẹ̀tì mi bo orí bí mo ṣe fà á bò ó lọ́jọ́ náà.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí. "Ẹ ṣẹ̀ mí."

Ó wo fìlà náà. Ó wo ibi tó gbẹ lábẹ́ òrùlé ibùdókọ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti dá mi mọ̀. Mo yí padà, mo ń lọ sílé. Mo rìn dé kọ̀rọ̀ títì wa, mo ń tẹ́tí bóyá n óò gbọ́ kí ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà tì lẹ́yìn mi. Kò tíì tì.